Ìdodo Abẹ́ Àga

Bí o bá dojú àga oníke funfun dé, tí o wo abẹ́ ìjókòó rẹ̀ dáadáa, wàá rí àmì róbótó kékeré kan láàárín gbùngbùn. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí ìṣó lọ. Bí o bá fọwọ́ pa á, wàá mọ̀ pé ó yọ gọ́ńgọ́ díẹ̀, nígbà tí gbogbo ibi tó kù ń dán. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì bi màmá mi pé kí ni. Wọ́n ní, "Ìdodo rẹ̀ nìyẹn," wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ kí n yé da ìbéèrè bò wọ́n ni. Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ fún mi. Ojú ibẹ̀ gan-an ni ike gbígbóná gbà wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bí àga náà.

Iṣẹ́ àga háyà ni màmá mi fi tọ́ wa n'Ìbàdàn. Kánópì méjì, tábìlì mẹ́wàá àti àádọ́ta àga ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wọ ilé ìwé gíga, àga ti lé ní irinwó, kò sì sí ẹni tó ń pe orúkọ wọn mọ́ ládùúgbò. Ìyá Alága ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ọjọ́ Jímọ̀ ni àga ń jáde, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń wọlé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la sì máa ń kà wọ́n. Mẹ́wàá-mẹ́wàá la ń tò wọ́n léra. Bí iye bá pé, màmá mi á dá owó ìdógò padà fún oníbàárà. Bí kò bá pé, a ó tún un kà, bí kò bá tún pé, ẹnì kan á gun ọ̀kadà padà síbi òde náà lọ wo ẹ̀yìnkùlé àti inú gáráàjì. Ìwé kan wà tí màmá mi ń kọ àwọn tó bá sọnù sí: ọjọ́, àdúgbò, iye. Kí àga wa má baà dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà méjì, I àti A, sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdodo náà.

Lónìí, iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ya àwòrán àga, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà kí káfíńtà tó fọwọ́ kan igi. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí àga. Àwọn àga tí ìwé wọ̀nyẹn ń yìn jù ni àwọn tí èmi àti gbogbo ẹni tí mo mọ̀ kò jókòó lé rí. Àga tí ayé ń jókòó lé, tí ó wà níbi ìsọmọlórúkọ ní Mọ́níyà, tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù tíì ní Káírò àti létí òkun ní Bràsíl, ìlà méjì péré ni wọ́n máa ń fún un, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìbátan tó ń dójú ti ẹbí. Ó ń dùn mí. Mo gbà pé àga náà wà lára ohun èlò tí wọ́n fi làákàyè ṣe jù lọ láyé yìí, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe mọ̀.

Monobloc ni àwọn tó ń kọ̀wé nípa dìsáìnì ń pè é, torí odindi kan ṣoṣo ni: kò ní ìṣó, kò ní àtè, kò ní oríkèé. Ó ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ti ń lá àlá irú àga bẹ́ẹ̀. Ará Kánádà kan, D. C. Simpson, ti ya ọ̀kan ní 1946, ṣùgbọ́n kò dé ọjà. Ohun tó ṣínà ni ike tuntun kan. Ní 1954, Giulio Natta, onímọ̀ kẹ́míkà ará Ítálì, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe polypropylene, ike tó fúyẹ́, tó yi, tí omi kò lè bà jẹ́, tó sì máa ń yọ́ bí iná bá kàn án kí a lè tún un dà sí ẹ̀dá mìíràn. Ní 1963, ẹ̀bùn Nobel kan òun àti Karl Ziegler ará Jámánì nítorí irú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Yúróòpù wá wọ eré ìje. Ní Jámánì, Helmut Bätzner fi ẹ̀rọ tẹ àga odindi kan jáde láàárín nǹkan bíi ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n sì gbé e dé ọjà ní 1966. Ní 1967, àga Verner Panton ará Dẹ́ńmákì jáde, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ tí kò sì ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rárá. Ní Ítálì, Joe Colombo ṣe tirẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé yọ. Àga ẹlẹ́wà ni gbogbo wọn. Yàrá olówó ni wọ́n sì wà títí di òní.

Ẹni tó mú un dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù kò lókìkí tó wọn. Henry Massonnet ni orúkọ rẹ̀, oníléeṣẹ́ ike ni ní abúlé Nurieux, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Faransé, nítòsí ìlú Oyonnax. Mo fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà. Òòyà ni wọ́n fi mọ Oyonnax. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ òòyà níbẹ̀, wọ́n bọ́ sórí ìwo màlúù, wọ́n bọ́ sórí oríṣi ike àkọ́kọ́ tó dé ayé, títí gbogbo agbègbè náà fi di ilé iṣẹ́ ike. Nítorí náà, àwọn tó mọ bí nǹkan ṣe ń rí lọ́wọ́, tí wọ́n ti ń ronú láti ayébáyé nípa eyín òòyà tí kò gbọdọ̀ kán lórí obìnrin, àwọn ni ike bọ́ sí lọ́wọ́. Ní 1968, Massonnet ti ṣe àpótí ìjókòó kan tó ń jẹ́ Tam Tam fún àwọn apẹja. Ní 1972 ló ṣe àga alápá kan tó pè ní Fauteuil 300. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ilé iṣẹ́ Grosfillex, tí ó wà lágbègbè kan náà, sọ irú rẹ̀ di àga ọgbà tí owó rẹ̀ kò ga ara. Láti ibẹ̀ ló ti di ti gbogbo ayé, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun nìkan ló ni ín.

Bí wọ́n ṣe ń bí i rèé. Ike náà máa ń dé nínú àpò, hóró-hóró bí ìrẹsì. Wọ́n á dà á sínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ ju 200 lọ ní òṣùwọ̀n Celsius, á yọ́, á ki bí ògì tó ń di ẹ̀kọ lórí iná. Ẹ̀rọ náà á fi agbára tì í gba ojú ihò kan wọ inú mọ́ọ̀dù irin, bíi mọ́ọ̀dù àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, àmọ́ èyí ní ikùn àti ẹ̀yìn tí wọ́n dán bíi dígí. Ihò yẹn ni ìdodo. Láti ibẹ̀ ni ike ti ń sáré lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí apá, sí téńté ẹ̀yìn àga, ó sì gbọ́dọ̀ dé gbogbo ibẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Omi tútù tó ń ṣàn nínú irin náà á mú un tutù, mọ́ọ̀dù á là sí méjì, àga á sì jáde ní pípé. Lọ́dọ̀ Massonnet, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀rọ ìsinsìnyí lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Mọ́ọ̀dù ló wọ́n bí ojú, àga fúnra rẹ̀ kò lówó lórí. Ẹni tó bá ti ra mọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ṣe àga láìmọye kí owó rẹ̀ tó wọlé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kún gbogbo ayé bí ewé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Gbé abala ìwé kan nàró lórí tábìlì: á wó. Ká a láàárín, là á díẹ̀ bí ìwé tí a ń kà, kí o tún gbé e nàró: á dúró, o tilẹ̀ lè gbé bírò lé e lórí. Wá wo ẹsẹ̀ àga oníke. Kì í ṣe òpó tó ṣù. Abala ike tí wọ́n ká ni, inú rẹ̀ ṣófo láti ẹ̀yìn, kò sì nípọn ju mílímítà díẹ̀ lọ. Kíká yẹn ló ń gbé àgbàlagbà tó wọ agbádá, kì í ṣe ike náà. Apá àga pàápàá kì í ṣe ibi ìgbọ́wọ́lé lásán. Ó so ẹ̀yìn mọ́ ẹsẹ̀ iwájú bí igi ìdábùú ṣe ń so òpó ilé. Àwọn ihò gbọọrọ-gbọọrọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni mo pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n dín ike tí àga ń gbà kù, wọn kì í jẹ́ kí omi òjò dúró, wọ́n sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn kan ẹ̀yìn ẹni tó di aṣọ òkè mọ́ra lọ́sàn-án gangan. Kí ike tó dé, àga irin tó ń ká ni àwọn oníháyà àdúgbò wa ń lò. Ó wúwo, ó ń dípẹtà, ó sì ń bu ọmọdé níka jẹ. Mo ní àpá ọ̀kan ní ìka ìlábẹ̀ òsì mi títí dòní.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù nínú àga yìí, ẹni tó jókòó lé e kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbé e ló mọ̀ ọ́n.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni. Àwọn olórin ti ń tú wáyà, ilẹ̀ tutù fún omi kúlà àti ọbẹ̀ tó dà sílẹ̀, àwọn ìyá kan ṣì ń pín ọ̀rá ìrẹsì tó kù. Àwa ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti òpin kánópì. O mú àga kan, o gbé e lé èyí tó wà níwájú rẹ̀, á wọlé fúnra rẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ ó sì fún lókè. Kò ní há, kò ní fún ọ lọ́wọ́. Àga kan kò wúwo ju nǹkan bíi kìlógírámù 2.5 lọ, ìyẹn ni pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà láìsọ̀. Ìró kan wà tí wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá ń wọnú ara: kọ́, kọ́, kọ́. Màmá mi máa ń jókòó níwájú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á dijú, ẹ ó rò pé oorun ni. Etí ni wọ́n fi ń ka àga. Bí a bá parí, wọ́n á ní, "Mẹ́tàdínnígba. Ẹ wá mẹ́ta yòókù." A ó wá a, a ó sì rí i, lábẹ́ igi níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun.

Bí màmá mi bá ń lo àga onígi aláfárá dáradára irú èyí tí mò ń yà lónìí, igba àga á gba ọkọ̀ mẹ́rin, á sì gba ọkùnrin mẹ́jọ. Owó háyà á di ohun tí olówó nìkan lè san. Ẹni tó sọ ọmọ lórúkọ ní yàrá kan ní Bẹẹrẹ á tẹ́ ẹní fún àlejò, tàbí kó yá ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ìgbà tí mo bá gbọ́ tí akẹgbẹ́ mi kan sọ pé àga oníke kò ní dìsáìnì, mo máa ń bi í pé: ìwọ tí o ya àga tìrẹ, ta ni yóò gbé e wọlé? Ọwọ́ wo ni yóò fi dì í mú? Mélòó ni yóò wọnú ọkọ̀? Ọ̀pọ̀ wa ń ya àga fún ìdí nìkan. Àwọn ará Nurieux ya tiwọn fún ọwọ́ pẹ̀lú.

Wọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní irú ọgbọ́n yìí o. Ní 1859, Michael Thonet ṣe àga onígi tó fi ooru omi tẹ̀, tí wọ́n mọ̀ sí Nọ́ḿbà 14, ní ìlú Vienna. Igi mẹ́fà, ìdè mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì máa ń tú 36 palẹ̀ sínú àpótí kan tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Kí 1930 tó pé, wọ́n ti ta nǹkan bíi mílíọ̀nù 50. Gbogbo ìwé ló ń yin Thonet, ó sì tọ́ sí i. N kò rí ìdí tí ìyìn náà fi dúró níbi tí ike ti bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àga màmá mi ní àbùkù. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, wọ́n ra ọgọ́rùn-ún tuntun lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó tà á ní ẹ̀dínwó. Oṣù kẹta kò tíì pé tí ẹsẹ̀ ọ̀kan fi kán lábẹ́ bàbá kan níbi ìnáwó òkú àgbà. Ìbàdí ni bàbá náà fi lélẹ̀. Màmá mi san owó ilé ìwòsàn, wọ́n lọ kí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kò sì lè sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n gbé àga àtijọ́ kan àti tuntun kan lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja dídì níwájú ilé wa, kí á gbé wọn lé ìwọ̀n. Tuntun náà fúyẹ́ gan-an ju ti àtijọ́ lọ. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Wọ́n ti bù nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ jèrè sí i, á jẹ́ kí ike náà tín-ín-rín, tàbí kó po ìyẹ̀fun òkúta funfun mọ́ ọn kí ike má baà pọ̀. Ojú kò lè rí i. Oòrùn náà tún ń ṣe tirẹ̀: bí ó bá pa ike pẹ́, tí wọn kò sì fi oògùn tó ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn sí i, ike á gbẹ, á máa yọ ẹfun sí aṣọ ẹni, á sì kán lọ́jọ́ tí ẹnì kan kò rò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ níbi òde pé, "Ẹ bá wa gbé méjì léra fún Dádì." Àwọn ènìyàn fúnra wọn ti tún dìsáìnì náà ṣe. Níbi tí ike kò bá ti tó, wọ́n fi àga kún àga.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé odindi kan yẹn, tó jẹ́ ògo rẹ̀, òun náà ni àìsàn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ àga Thonet bá kán, wàá tú ìdè, wàá fi òmíràn sí i. Bí ẹsẹ̀ àga oníke bá kán, gbogbo rẹ̀ ló kú. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí àga bá là ní apá tàbí ní ẹ̀yìn, á fi iná mú ìṣó pọ́n, á lu ihò tẹ̀lé ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ibi tó là, á wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rán an, ìran méje tàbí mẹ́jọ, á yí orí wáyà sí abẹ́ kó má baà fa aṣọ ẹnikẹ́ni ya. Bí àwọn àgbà ṣe ń rán igbá tó là nìyẹn. Àga tó bá rán kì í tún là lójú ibẹ̀ mọ́. Èyí tí kò bá ṣeé rán, àwọn tó ń ra ike fífọ́ ń rà á ní kìlò, wọ́n á lọ̀ ọ́, á tún padà di báfù tàbí kọ́bọ̀ọ̀dù aṣọ ọmọdé. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́, gọ́tà ló ń gbé e lọ, kì í sì í jẹrà. Mo ti ń yà àga oníke kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣeé pààrọ̀ láti bí ọdún méjì. Gbogbo ìgbà tí mo bá fi oríkèé sí i ni ó máa ń wúwo sí i, tí kì í sì í wọnú ara mọ́ dáadáa. Mo ń bá a fà á.

Ìlú Basel ní Switzerland kórìíra àga yìí débi pé, láti 2008 títí di 2017, òfin kò gbà á láyè ní ìta gbangba, nítorí pé ó ń ba ẹwà ìlú jẹ́. Lọ́dún 2017 kan náà, Vitra Design Museum, tí ó wà ní Weil am Rhein ní Jámánì, ní ìkángun ààlà tó pààlà pẹ̀lú Basel, gbé àfihàn kan kalẹ̀ lórí àga oníke yìí nìkan. Èrò tèmi ni pé Basel ṣìnà. Ẹwà ìlú kò sí lára àga, ó wà lára kí ènìyàn rí ibi jókòó. Ìyá arúgbó tó gbé àga rẹ̀ síta láti gba atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ kò ba ohunkóhun jẹ́.

Àmọ́ kí n tó bínú sí wọn tán, ó yẹ kí n wo ilé wa. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ là á bá a pè é. Àwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ bo àga oníke lóde, láti orí dé ẹsẹ̀, ká fi ríbọ́ọ̀nù dì í lẹ́yìn. Màmá mi ra ọ̀ọ́dúnrún irú aṣọ bẹ́ẹ̀, torí oníbàárà ní àwọn kò fẹ́ àga tó wà níhòòhò. Ọjọ́ Ajé di ọjọ́ fífọ aṣọ àga. Atẹ́gùn kò gba ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, òjò bá rọ̀, aṣọ á mu omi, àlejò á sì jókòó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni Chiavari dé, àga aláwọ̀ góòlù tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Giuseppe Gaetano Descalzi, káfíńtà kan ní ìlú Chiavari ní Ítálì, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1807, igi ni ó sì fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ èyí tí a ń háyà lóde ìsinsìnyí, ike ni. A sá fún ike lọ bá ike tó wọ góòlù.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan ti fi ojú mìíràn wò ó. Ní São Paulo, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò Campana, Humberto àti Fernando, rí i pé àga oníke ti lé àga tí wọ́n fi ìtàkùn hun kúrò ní ilé oúnjẹ. Ní 2007, wọ́n kó àwọn àga oníke, wọ́n sì fi ìtàkùn hun wọ́n mọ́lẹ̀, bí ẹni pé igbó hù bò wọ́n. Maarten Baas, ará Holland, ní kí àwọn agbẹ́gi ní Ṣáínà fi igi gbẹ́ àga oníke náà ní 2008, pẹ̀lú gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí agbẹ́gilére kan ní Ọ̀yọ́ á sọ bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún un. Ní 2025, Bad Bunny, olórin ará Puerto Rico, fi àwòrán àga oníke funfun méjì síwájú àwo orin rẹ̀, láàárín igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí wọn. Nígbà tí mo rí i lórí fóònù, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo rí, àti bàbá mi tó ti lọ.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe ti oníṣẹ́ ọnà. Onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà kan, Don Schoendorfer, rí obìnrin kan ní Mòrókò tó ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ kọjá títì torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó wá jókòó láti ṣe kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tí owó rẹ̀ kò ní pọ̀, àga oníke funfun ló mú, ó fi táyà kẹ̀kẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní 2001 ló dá Free Wheelchair Mission sílẹ̀, wọ́n sì ti pín kẹ̀kẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan fún àwọn tó nílò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n lé kúrò ní ojúde Basel ni ẹnì kan fi kúrò nínú erùpẹ̀.

Màmá mi ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Wọ́n ta kánópì, wọ́n ta àga, wọ́n fi mẹ́fà sílẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan sìnkú ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó ti mọ́ mi lára láti máa dojú àga dé kí n tó jókòó. Ìdodo rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lábẹ́ lẹ́tà aláwọ̀ ewé ti oníháyà ìlú náà, ọ̀dà pupa kan ṣì hàn fírífírí: I àti A. Mo yí i padà, mo wo apá ọ̀tún rẹ̀. Ìran wáyà méje, orí rẹ̀ yí sábẹ́. Mo jókòó lé e láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Nígbà tí àwọn ọmọ wá ń kó àga, mo bá wọn gbé e lé àwọn yòókù.

Mo pe màmá mi láti gáráàjì.

"Mọ́mì, mo rí ọ̀kan nínú àga yín n'Ísẹ́yìn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Èyí tó ní ìran lápá?"

"Òun ni, mà."

"Ṣé ó ṣì gbé ẹ?"

"Ó gbé mi láti àárọ̀, mà."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tú ìwé kan. "Àwọn mẹ́rin tí kò bọ̀ láti òde Apẹtẹ nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ó wá ku mẹ́ta."